Ohun Tí Èpìyà Fi Pamọ́ Sábẹ́ Ẹ̀rẹ̀kẹ́

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹja ṣì ń fi ìrù rìn lórí ilẹ̀, kò sí ọmọ tí wọ́n ń sọ lórúkọ tí wọn kì í pe ẹja kó wá wúre fún un.

Ní ọdún kan, Ẹtu tó ń gbé lórí òkè bímọ, ó sì ránṣẹ́ pe ẹja Èpìyà. Inú Èpìyà dùn, ó ń jó kiri inú odò. Àmọ́ ìrìn ọjọ́ mẹ́fà ni, oòrùn sì ń mú. Ó bá bẹ Yìnyín, tí ara rẹ̀ máa ń tutù nini, pé kó gbé òun sínú agbọ̀n rẹ̀.

Yìnyín ní, "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ nìkan ni mo lè gbé o. Bí ohunkóhun bá ń gbé inú rẹ tàbí abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ, fọ̀ ọ́ dànù sétí odò. Òtútù mi kò lè pa á, ó kàn lè mú un tòògbé ni."

Háà! Èpìyà ní ayálégbé. Àwọn kòkòrò wínníwínní tí ojú kò lè rí kún inú rẹ̀ àti abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Nínú odò, wọn kì í yọ ọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n òun tó ń wẹ̀ tọ̀sán-tòru, tó máa ń fi Ẹlẹ́dẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ta ni yóò gbọ́ pé ó ní kòkòrò lára? Ìtìjú mú un.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi nìkan ni," ó dáhùn. "Ẹ wò mí, ṣé mo jọ onídọ̀tí ni?"

Lọ́jọ́ kìíní àti ìkejì, àwọn kòkòrò sùn fọnfọn. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n jí díẹ̀díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, wọ́n sì ń bí sí i. Èpìyà mọ̀ ọ́n lára. Ó fẹ́ sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró, mo purọ́." Ẹnu rẹ̀ kò gbà á. Ó kàn pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé gbagba ni.

Irọ́ wo ló ń sá tí òótọ́ kì í bá?

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, Ìyá Àgbà Ẹtu gbé Èpìyà súnmọ́ iwájú orí ọmọ. "Orí lẹja fi ń la ibú já, orí ni ìwọ náà yóò..." Kò parí àdúrà náà. Ó fa imú, ó gbọ́ òórùn burúkú. Ó ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Èpìyà wò, ibi tó máa ń pupa ti dúdú. Ọmọ sín, ó yíjú kúrò.

"Èpìyà," Ìyá Àgbà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ṣé bó o ṣe wá wúre fún ọmọ mi nìyí?"

Ikú yá ju ẹ̀sín. Ojú ti Èpìyà débi pé ojú náà rì wọnú, ó sì ṣú bàìbàì. Ara rẹ̀ rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀.

"Ká ní o sọ fún mi ni," Yìnyín wí. Ó sunkún títí ó fi di omi.

Láti ọjọ́ náà ni ojú ẹja tó bá pẹ́ lórí yìnyín ti ń rì wọnú. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kó ìfun ẹja dànù kí wọ́n tó tẹ́ ẹ sórí yìnyín, tí àwọn ìyá wa sì ń ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wò kí wọ́n tó rà á. Wọn kì í bi í léèrè mọ́. Wọ́n bi í lẹ́ẹ̀kan, ó purọ́.