Ìtàn tí Ìbídùnní Fi Gba Ẹ̀bùn

Àwọn kan ní òwe òkò ọjà yìí ti pẹ́ ju rédíò lọ. Kí wọ́n máa sọ tiwọn. Bí àwa ará Òkè-Ìsàn ṣe mọ̀ ọ́n ni mo fẹ́ sọ. Tíṣà kan wà nílùú wa tó ń jẹ́ Ìbídùnní. Kò lọ́kọ, kò bímọ, ìwé ló fi ṣe méjèèjì. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló máa ń kọ: ta ló pa lágbájá, ta ló jí ẹrù tàmẹ̀dù. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà, ilé rẹ̀ náà ló sì ń gbé. Ìyá Alágbo ni gbogbo ìlú ń pe ìyá yìí, nítorí ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń ta àgbo lọ́jà wa. Àwọn méjèèjì kò ní ẹlòmíràn.

Lọ́dún kan, ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé kan ní Ìbàdàn kéde ìdíje ìtàn kúkúrú fún àwọn obìnrin tó ń kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ìtàn tó bá gbégbá orókè, àwọn yóò kà á lórí rédíò. Oṣù méjì ni Ìbídùnní fi jókòó ti tirẹ̀. Ó kọ nípa ọkùnrin kan tó mu àgbo lọ́jà, tó sì kú. Kò dárúkọ apànìyàn, ó fẹ́ kí òǹkàwé wá a fúnra rẹ̀. Ohun tó kọ ni pé, “Wọ́n bu májèlé sínú àgbo náà, wọ́n sì rọra dé ìkòkò.” Àwọn tí a kò mọ̀ ni “wọ́n” tirẹ̀. Ìyá Alágbo ló kọ́kọ́ kà á fún. Ìyá rẹ́rìn-ín títí, ó ní, “Ọmọ yìí, o ò dáa rárá. Lọ fi ránṣẹ́.”

Ìtàn náà ló gba ipò kìíní. Ìbídùnní wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn láti gba ẹ̀bùn rẹ̀, wọ́n sì ka ìtàn náà lórí rédíò lọ́sàn-án ọjọ́ ọjà, gbogbo ọjà wa sì ń gbọ́. Ẹni tó ń fojú kàwé lè dúró, kó tún un kà. Etí kì í dúró. Nílùú wa, ọmọ tí a tọ́ dáadáa kì í pe àgbà ní “ó”. “Wọ́n” ló ń pè é. Ìyá Wúrà elépo ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta.

“Apànìyàn yẹn, àgbà ni o,” ó ní. “Ìbídùnní ò jẹ́ pe ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ‘wọ́n’. Àgbà wo ló wá mọ̀ tó ń ta àgbo?”

Ó wá burú tán, Kàsálì alápatà ti kú lóṣù tó ṣáájú, oníbàárà Ìyá Alágbo sì ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, a gbàgbé pé a mọ̀ ọ́n.

Kí oòrùn tó rọlẹ̀, ìyàwó alápatà ti dúró níwájú ìyá, ó ń sunkún. “Ìyá, kí lọkọ mi fi ṣe yín?”

Ìyá Alágbo dìde. “Mi ò pa á. Ẹ wò mí.” Ó bu ife kan nínú àgbo ibà, ó mu ún.

“Wọ́n mọ èyí tí wọ́n lè mu,” Ìyá Wúrà wí.

Ìyá bá bu ti jẹ̀díjẹ̀dí. Ó bu ti ara ríro, ó bu ti inú rírun, títí ó fi mu nínú ìkòkò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kìlọ̀ fún wa pé a kì í mu méjì pọ̀. Ó mọ̀. Ṣùgbọ́n ìkòkò tó bá fi sílẹ̀, òun ni a ó ní májèlé wà nínú rẹ̀. Mo wà níbẹ̀, mi ò di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ojú ń tì mí títí dòní.

Nígbà tí Ìbídùnní fi dé lọ́jọ́ kejì, ìyá ti ṣu, ó ti bì, kò lè dìde lórí ẹní mọ́. Ọmọ náà wólẹ̀ tì í.

“Màmá, mi ò fi yín pe apànìyàn. ‘Wọ́n’ tí mo kọ, àwọn tí a ò mọ̀ ni.”

“Mo mọ̀,” ìyá wí. “Èmi ni mo kọ́ ọ pé kí o máa pe àgbà ní ‘wọ́n’. Mo tiẹ̀ nà ọ́ lórí ẹ̀ rí.” Ó ní kó gbé ẹ̀bùn náà wá kí òun rí i. Ìbídùnní kò lè gbé e jáde nínú àpò. Ìyá kò rí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta.

Nígbà tí a sin ín tán, àwa ará ọjà lọ bá ọmọ náà kẹ́dùn. Ìyá Wúrà náà wà níbẹ̀, ó ń sunkún gidigidi. Ìbídùnní ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ilẹ̀ ló ń wò.

“Òkò ni mo sọ sáàárín ọjà,” ó ní. “Mi ò fojú sun ẹnikẹ́ni. Mo rò pé níbi tí èrò ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹni tí mi ò mọ̀ ni yóò bà. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo sì ní nínú gbogbo ọjà náà.”

Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ́jọ́ náà làwọn àgbà Òkè-Ìsàn gbà mú, òun ni wọ́n sì fi ń pòwe títí dòní pé bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà.