Ewúrẹ́ Tó Kọ̀ Láti Ta Ìkòkò Sísán

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó bà lé Ìjàpá tó ni ebu ìkòkò, níbi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò tà, ó ta bá Ewúrẹ́ tó fi ṣe alábòójútó iṣẹ́ níbẹ̀.

Ewúrẹ́ mọ iṣẹ́, orí rẹ̀ sì kunkun. Ìkòkò kankan kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi pátákò kàn án, kó gbọ́ ohùn ìkòkò tí kò sán: gban-in, gban-in.

Nígbà tí ọdún iṣu tuntun ń sún mọ́, ojúkòkòrò mú Ìjàpá. Kò jẹ́ kí amọ̀ gbẹ kó tó sun ún. Gbogbo ìkòkò bá sán nídìí. Ìṣojú Ewúrẹ́ ló ṣe fi ìda dí ibi tó sán, ó fi èédú pa á, ó rọ òwú kún inú wọn kí ẹni tó bá kàn wọ́n má baà gbọ́ nǹkan kan.

Ó wá sọ fún Ewúrẹ́ pé, "Kó wọn lọ sọ́jà, kí o polówó wọn. Ìwọ ni wọ́n gbà gbọ́."

"Ọ̀gá, omi gbígbóná ló máa wà nínú ẹ̀. Ìdí ààrò sì làwọn ọmọdé máa ń jókòó sí."

"Ṣé ìwọ lo ni ebu ni? Tí o ò bá tà á, kó àwọn ọmọ rẹ kúrò nílé mi."

Òkété tó ń wa amọ̀ fún wọn náà bẹ̀ ẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun. Tí ebu yìí bá tì, kí lèmi àtàwọn ọmọ mi máa jẹ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ewúrẹ́ gan-an. Ó ru ìkòkò, ó dọ́jà. Adìẹ ọlọ́mọ yọyọ ló kọ́kọ́ nawọ́ sí ọ̀kan, àwọn ọmọ rẹ̀ ń rọ́ tẹ̀ lé e. Ewúrẹ́ wò wọ́n, ó lanu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í polówó. Ẹ bá mi gbè é, ẹ má sùn o:

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ wá gbọ́,
*Jínrinjìn!*
Ìkòkò wa ti sán nídìí,
*Jínrinjìn!*
Ìda la fi dí i pa,
*Jínrinjìn!*
Bó bá gorí iná, á yọ́,
*Jínrinjìn!*
N ò ní tà á f'ọ́lọ́mọ,
*Jínrinjìn!*
Ẹni tó fẹ́ lé mi, kó lé mi,
*Jínrinjìn!*

Ìjàpá rá dé wuruwuru. "Irọ́ ló ń pa. Ẹ dáná." Aláìnítìjú yìí yọ òwú, ó bu omi kún ìkòkò, ó gbé e kaná lójú gbogbo ọjà. Omi hó kutukutu, ìda yọ́, ìkòkò là gbàà, omi gbígbóná sì bó Ìjàpá lẹ́sẹ̀.

Ìjàpá lé Ewúrẹ́ lóòótọ́. Ebu tì lóòótọ́. Òkété bínú sí Ewúrẹ́.

"Máa bínú," ni Ewúrẹ́ wí. "Èmi lè wo Adìẹ lójú."

Láti ọjọ́ náà ni Ewúrẹ́ ti ń wọ ilé onílé láìkágò. Kò ṣe ohun ìtìjú kankan, ta ni yóò máa sá fún?

Ibi tí ẹsẹ̀ àlọ́ mi gbé e dé rèé, ó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé, bí wọ́n bá fi yín ṣe olórí iṣẹ́, kì í ṣe kí ẹ lè bá ọ̀gá pa ọmọ ọlọ́mọ lára. Bó bá ní kí ẹ ṣe é, ẹ kọ̀ fún un.