Ọdẹ Tó Ń Jẹ Bátìrì

Olè ń kó ewúrẹ́ Ìyá Àjíkẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ni ọkọ rẹ̀ bá so kámẹ́rà mọ́ ògiri, ó lọ ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí yóò máa gba àwòrán sílẹ̀.

“Bàbá, kékeré yìí kì í jẹ iná,” ni ọlọ́jà wí.

“Olè wo ni yóò bẹ̀rù rẹ̀?”

Ó ra èyí tó ga bí kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tí NEPA múná lọ, kọ̀ǹpútà fa bátìrì ínfátà tó ń rọ́pò iná NEPA gbẹ kílẹ̀ tó ṣú. Olè mú òbúkọ lọ, kámẹ́rà ò rí i.

“Bàbá Àjíkẹ́,” ni ìyàwó rẹ̀ wí, “kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fádìẹ. Ọdẹ tó ń jẹun ju olè lọ lẹ gbà.”

Bàbá lọ pààrọ̀ rẹ̀. Kékeré náà ń ṣọ́ ewúrẹ́ kan ṣoṣo tó kù.