Erùpẹ̀ Ìyá Tinúadé

Àgbàrá ba oko Ìyá Tinúadé jẹ́, ìjọba sì ní owó ìrànlọ́wọ́ wà, ṣùgbọ́n Ọ̀gá Fábùnmi tó ń pín in ní òun ò ní fọwọ́ sí i, àfi tí màmá bá fi erùpẹ̀ tí àgbàrá gbé lọ han òun. "Ó dáa, ọ̀gá." Ó gbé ọkọ́ àti agbọ̀n, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí oko ọ̀gá fúnra rẹ̀, tó wà nísàlẹ̀ oko tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó erùpẹ̀ ìdí ilá. Ọ̀gá sáré dé. "Màmá, ṣé kò sí?" "Kò sí o. Erùpẹ̀ mi rèé. Ẹ ò rí kókò mi tó bá a wá, tó ti ń hù láàárín ilá yín? Ẹ ṣe sùúrù, ó ṣì kù púpọ̀." Kíá ni ọ̀gá bèèrè bírò. Nígbà tí òjò tún dé, màmá ti fi òkúta dí ojú àgbàrá, erùpẹ̀ ò lọ síbì kankan mọ́. Kókò tó ti ṣíwájú lọ ńkọ́? Ó ní kí ọ̀gá máa fi se ẹ̀bẹ.