Ìràwọ̀ Já, Òkété Ò Gberin

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ohùn yín ò kún. Ẹ sún mọ́ mi. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gòkè, ó gòkè, ó já wálẹ̀ bí ìràwọ̀, ó bà lé Òkété àti Àparò lórí.

Ní ọdún kan, òjò ò rọ̀ dáadáa. Ẹ̀pà tí àwọn ẹranko kó lóko ò tó nǹkan. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n jẹ ẹ́, títí ó fi ku irúgbìn nìkan. Àparò tọ́jú tirẹ̀ sínú akèrègbè kan. Ọmọ pọ̀ lábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀, ebi sì ń pa wọ́n, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan akèrègbè yẹn. Ó ní, "Ẹni tó bá jẹ irúgbìn, ọdún tó ń bọ̀ ló jẹ yẹn."

Ní ọjọ́ kan ni Òwìwí, ẹni tó máa ń wo ojú ọ̀run ní tirẹ̀, pe gbogbo wọn jọ. Ó ní, "Lálẹ́ ọ̀la, òṣùpá ò ní yọ. Ìràwọ̀ yóò máa já, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí àgbálùmọ̀ tó pọ́n. Ẹ jẹ́ ká gun orí àpáta lọ wò ó."

Inú wọn dùn. Lọ́dún ìyàn, ìran nìkan ni kì í wọ́n. Àgbọ̀nrín lọ gbá orí àpáta. Àparò ń hun ẹní. Ìgbín gbéra lójú ẹsẹ̀, kó má baà pẹ́ dé.

Ni Òkété bá dìde. "Ẹ̀yin ará, a ò gbọdọ̀ dá iná níbẹ̀ o. Bí iná bá ń jó, ojú wa ò ní rí ìràwọ̀ dáadáa."

Òwìwí ní òótọ́ ni. Òótọ́ sì ni. Olè tó mọṣẹ́, òótọ́ ló máa ń kọ́kọ́ sọ.

Òkété tún ní, "Bí gbogbo wa bá wá lọ, ta ni yóò ṣọ́ irúgbìn nílé? Ẹ kó o wá, ká tò ó sẹ́yìn ibi tí a bá jókòó sí. Olè wo ló máa dé àárín wa?"

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àgbà ló sọ. Àparò nìkan ni kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Òkété, irúgbìn tìrẹ dà?"

"Mo ti gbìn ín."

"Sínú ilẹ̀ gbígbẹ? Òjò wo ló rọ̀?"

"Ìyá ọlọ́mọ, ẹ ti fura jù."

"Ìfura loògùn àgbà," ni Àparò wí.

Ọkàn Àparò ò balẹ̀. Bó bá fi akèrègbè sílé, ilé á ṣófo. Bó bá gbé e lọ, Òkété wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó, kí lẹ máa ṣe? Ó ronú títí, ó wá sọ fún wọn pé, "Kí oorun má baà gbé wa lọ, màá máa lé orin. Ẹni tí mo bá dárúkọ rẹ̀, kó gbè é."

Òkété pàtẹ́wọ́. Ó rò pé ariwo orin ni yóò bo ìró ẹsẹ̀ òun.

Alẹ́ lẹ́. Wọ́n kó irúgbìn wọn gun orí àpáta, wọ́n tò ó sẹ́yìn. Òkùnkùn ṣú biribiri. Ìràwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já. Gbogbo wọn gbójú sókè. Àparò ò gbójú sókè. Ẹ̀yìn ló ń tẹ́tí sí. Ó bá lé orin. Ẹ bá mi gbè é:

Ìràwọ̀ já, ó já lókè.
Mo rí i, yanranyanran.
Àgbọ̀nrín ẹlẹ́sẹ̀ fúyẹ́, ṣé o rí i?
Mo rí i, yanranyanran.
Ìgbín onílé lẹ́yìn, ṣé o rí i?
Mo rí i, yanranyanran.
Òkété ọmọ inú igbó, ṣé o rí i?

Ẹ dákẹ́. Ẹ má gbè é. Kò sẹ́ni tó gbè é.

Àparò tún pè é. "Òkété ọmọ inú igbó, ṣé o rí i?"

"Hùn," ni Òkété dáhùn, bí ẹni tí eyín ń dùn. Ẹ̀yìn ni ohùn náà ti wá.

Bí ìràwọ̀ ńlá kan ṣe já nìyẹn. Gbogbo orí àpáta mọ́lẹ̀ kedere. Wọ́n yíjú padà. Òkété rèé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wú, ọwọ́ rẹ̀ ń bẹ nínú akèrègbè Àparò.

Àgbọ̀nrín ní, "Ya ẹnu."

Òkété mi orí. Àparò fò mọ́ ọn, ó fẹnu sọ ọ́ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀pà sì dà sílẹ̀. Ojú tì Òkété. Ó sá kúrò lórí àpáta, ó gbẹ́ ilẹ̀, ó wọlé sínú ihò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ò sọ̀ mọ́ títí dòní. Àfi kí ilẹ̀ ṣú kó tó jáde, torí ó ń bẹ̀rù ìmọ́lẹ̀.

Àparò ò rí ìràwọ̀ kan ṣoṣo lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n ń ròyìn rẹ̀ títí, kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó dùn ún. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò rọ̀, ó gbin ẹ̀pà, àwọn ọmọ rẹ̀ sì yó.

Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń gberin àlọ́. Bí mo bá purọ́, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú bíi ti Òkété.

Ó dáa. Àwo ẹ̀pà tí mo gbé sẹ́yìn yín ti fúyẹ́, ẹnì kan nínú yín ò sì gberin lẹ́ẹ̀kan. Mojoyin, ṣé o rí ìràwọ̀?