Gbogbo Aago Kì Í Kú Pa Pọ̀

Ní àdúgbò wa ní Òkè-Àgbàrá, bí ọ̀rọ̀ bá dà rú nínú ilé kan, tí ọmọ ń jà, tí ìyàwó ń binú, tí ọbẹ̀ pàápàá ń jóná, ẹ ó gbọ́ kí àgbàlagbà kan mí kanlẹ̀ kó ní, "Gbogbo aago kì í kú pa pọ̀, okùn kan ló já." Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ rí. Ẹ tiẹ̀ máa ń pa á lówe, ẹnu yín a sì dùn. Ṣùgbọ́n ta ló mọ gbòǹgbò rẹ̀ nínú yín? Èmi mọ̀ ọ́n. Orí àpótí mi ni mo wà, mo ń bó ẹ̀gúsí, gbogbo rẹ̀ ṣojú mi kòró.

Akínfẹ́lá, ọmọ ilé wa, ló ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan, aláwọ̀ ewé, tó ń dán bí ewé kókò lẹ́yìn òjò. Ní agboolé wa, àwa ìyàwó ilé la máa ń kí ohun tuntun káàbọ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ, ìbáà jẹ́ ẹ̀rọ ìlọta. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá dùn jù ni yóò lé orin. Mọ́radéún nìyẹn. Òun ni ìyàwó tó kéré jù láàárín wa, aya Láníhún, àbúrò Akínfẹ́lá. Ọkọ rẹ̀ wà lọ́nà oko kòkó nígbà náà. Mọ́radéún wọ iwájú ọkọ̀, ó jókòó, ó ń fi ìka kan àwọn aago tó wà lẹ́yìn sitiárì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń kọrin:

Èyí ń sọ eré, kò ní sáré pa yín,
Èyí ń sọ epo, kò ní gbẹ lọ́nà,
Èyí ń sọ ooru, inú rẹ̀ á tutù,
Ọkọ mi Àgbà, ẹ máa rìn, ẹ máa bọ̀!

Àwa ń gbè é, "Ẹ máa rìn, ẹ máa bọ̀!" Orúnkún mi tó ń ro mí gbàgbé pé òun ń ro mí.

Lẹ́yìn orin, Akínfẹ́lá gbé àwòrán bàbá wọn tó ti dolóògbé jáde. Àṣà àwọn ọmọ bàbá náà ni pé ọkọ̀ kan kì í jáde nílé wọn kí bàbá má bá wọn jókòó síwájú, ọwọ́ ọmọ ló sì gbọ́dọ̀ de bàbá mọ́lẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ mẹkáníìkì. Ó mú sípánà, ó ti orí bọ abẹ́ sitiárì, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó tún dìde, ó de àwòrán náà pinpin. A pàtẹ́wọ́ fún un.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kó ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀. Wọ́n wá ròyìn fún wa pé, bí wọ́n ṣe sọ̀kalẹ̀ lórí afárá, ọkọ̀ já sí kòtò, gbì! Gbogbo aago kú. Ọwọ́ aago epo sùn, ti ooru sùn, ti eré náà sùn. Akínfẹ́lá rò pé wọn yóò tún jí, ó ń lọ. Kò sí ohun tó máa sọ fún un pé inú ọkọ̀ ti ń hó. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, èéfín bo gíláàsì iwájú, kò ríran mọ́. Taya kan ti yọ sí etí ọ̀gbun kí bíréèkì tó mú. Ọmọ náà fẹnu gbá irin, eyín rẹ̀ kan sì yọ.

Ẹ̀jẹ̀ ẹnu ọmọ yẹn ló sọ ojú Akínfẹ́lá di pupa. Ó ní kí wọ́n fa ọkọ̀ wálé, ó ránṣẹ́ pe Ráàjí réwáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní ìlú wa. Ráàjí tú iwájú ọkọ̀ palẹ̀. Ó pààrọ̀ aago epo, kò jí. Ó pààrọ̀ ti ooru, kò jí. Ó pààrọ̀ ti eré, òkú ni. Ó nu ọwọ́, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "aago tuntun náà ń kú. Ohun tó ń pa wọ́n kì í ṣe ohun tí ọ̀gá mi kọ́ mi."

Ẹ mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń hù nínú agboolé. Akínfẹ́lá yíjú sí Mọ́radéún.

"Ìwọ lo fọwọ́ kàn wọ́n."

"Ọkọ mi Àgbà, orin ni mo fi kí wọn."

"O dárúkọ wọn! Eré, epo, ooru. Èwo lo dárúkọ tí kò kú? Ọmọ mi ìbá wà nínú ọ̀gbun báyìí. Lọ di ẹrù rẹ. Kí oòrùn wọ̀, kí n má bá ọ nílé yìí."

Mo ní, "Akínfẹ́lá, rọra."

Ó ní, "Ìyá, ẹ máa bó ẹ̀gúsí yín."

Ọkọ Mọ́radéún kò sí nítòsí. Obìnrin tí wọ́n bá fi orúkọ àjẹ́ lé jáde, ilé ta ni yóò wọ̀ sí? Ilé bàbá rẹ̀ pàápàá yóò tilẹ̀kùn. Èmi tí mo ní orin fún ohun gbogbo, mo wá orin kan títí, n kò rí. Òjìji igi gbèrèfútù ti gun ara ògiri nígbà tí Mọ́radéún gbé ẹrù rẹ̀ jáde sí ẹnu ọ̀nà. Ọlọ́kadà tí wọ́n pè ti dé, ẹ̀rọ rẹ̀ ń dún tatata.

Ó gbẹ́sẹ̀ kan, ó dúró, ó yíjú padà.

"Bùọ̀dá Ráàjí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn ìbéèrè kan kí n tó lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo kàn wọ́n. Ṣé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kú?"

"Rárá o. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni."

"Bí inú bá ń run gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan, ìkòkò ọbẹ̀ la máa ń ṣí wò. Kí ni àwọn aago yìí jọ ń jẹ? Ìkòkò wọn dà?"

Akínfẹ́lá bú mọ́ ọn: "Kí ló kan ìkòkò nínú—"

"Ẹ dákẹ́ ná, Ẹ̀gbọ́n!" Ráàjí ti ń wá iná tọ́ọ̀ṣì rẹ̀. "Wáyà dúdú kan wà. Gbogbo wọn ló so mọ́ ọn, òun ló so wọ́n mọ́ irin ọkọ̀. Mi ò wò ó. Nọ́ọ̀tì ló dè é láti ìlú òyìnbó, ta ni yóò rò pé ó tú?"

Ó dùbúlẹ̀ gbalaja, ó ti orí bọ abẹ́ sitiárì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níta. Ọlọ́kadà ké sókè, "Àǹtí, ṣé a ń lọ àbí a ò lọ?" Mo ní, "Pa ẹ̀rọ yẹn, kí o pa ẹnu rẹ pẹ̀lú!"

Ohùn Ráàjí wá jáde láti ìsàlẹ̀. "Wáyà rèé, ó ń fì dirodiro. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ kò sí mọ́. Ó ti ń fara ti irin lásán, kòtò ló gbọ̀n ọ́n kúrò. Nọ́ọ̀tì yìí kò ré bọ́ o, sípánà ló tú u. Ta ló fọwọ́ kan ibí yìí?"

Mo rí ọwọ́ Akínfẹ́lá tó ń gòkè lọ díẹ̀díẹ̀ sí ọrùn àwòrán bàbá rẹ̀. Nọ́ọ̀tì olórí ńlá kan wà níbẹ̀, tó dúdú, tí kò bá férémù mu rárá.

"Bàbá ń yẹ̀," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti kéré. "Mo wá ohun tí n ó fi dì wọ́n mú. Wáyà tínńrín kan péré ló wà lábẹ́ rẹ̀. Mo rò pé kò wúlò."

Òun fúnra rẹ̀ ló tú u, ó fi lé Ráàjí lọ́wọ́. Ráàjí de wáyà náà padà, ó yí kọ́kọ́rọ́. Aago epo gbórí sókè jẹ́jẹ́, bí arúgbó tó ń dìde lórí ẹní. Ti ooru tẹ̀ lé e. Ti eré kò kúrò nílẹ̀, nítorí ọkọ̀ kò tíì rìn, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ tàn yẹ́ríyẹ́rí.

Ní agboolé wa, ọmọ bíbí ilé kì í ru ẹrù ìyàwó ilé. Akínfẹ́lá kọjá lára gbogbo wa, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé ẹrù Mọ́radéún ka orí ara rẹ̀, ó yíjú sí yàrá obìnrin náà, ó ń lọ.

Mọ́radéún tẹ̀ lé e, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, Ọkọ mi Àgbà," ó ní, "ìkòkò mi wà nínú rẹ̀."

Orin bá já sí mi lẹ́nu:

Aago kú, aago kú,
Ẹ má na aago o,
Okùn kan ló já!

Gbogbo ìyàwó ilé gbè é, ọlọ́kadà gan-an gbè é, àwa la sì kọ ọ́ dé ọjà. Bó ṣe di òwe nìyẹn. Okùn bàtà ni wọ́n wá fi de bàbá mọ́ iwájú ọkọ̀ náà títí ọkọ̀ fi gbó.

Nítorí náà, bí ohun púpọ̀ bá bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nínú ilé, tàbí nínú ẹgbẹ́, tí ẹnì kan sì ti ń nàka sí aláìlẹ́nìkan, ìgbà náà ni àgbà máa ń sọ pé, "Gbogbo aago kì í kú pa pọ̀; okùn kan ló já." Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí a fi àwọn tó kú sílẹ̀, kí a wá ohun tó so wọ́n pọ̀. Ẹni tó ń pariwo jù níbẹ̀, kí òun náà yẹ ọwọ́ ara rẹ̀ wò, bóyá nọ́ọ̀tì wà níbẹ̀.