Ìlú Tíṣà Fádáhùnsi

Wọ́n ní ẹnìkan kì í jẹ́ Àwádé, ṣùgbọ́n Tíṣà Fádáhùnsi ti kàwé kọjá òwe. Ó kà á pé àwọn ọlọ́gbọ́n Gíríìsì àtijọ́ sọ pé ìlú ni ohun tó bá tó ara rẹ̀, tí kò nílò ẹlòmíràn. Òun náà tó ara rẹ̀, òun náà ti di ìlú nìyẹn. Nígbà tí àwọn ará ìlú pè é kó wá bá wọn ro ọ̀nà odò, ó ní, "Ìlú kì í sin ìlú." Ó kó lọ sóko, ó fi ara rẹ̀ jọba.

Ọjọ́ tó wa iṣu, ẹrù náà wúwo ju ohun tó lè dá gbé karí. Ó dúró tì í títí àwọn ará ìlú tó tún lọ ro ọ̀nà odò fi ń kọjá bọ̀.

"Ẹ bá wa gbé e rù," ló wí bí ọba.

Ìyá Ṣóyọyè, aládùúgbò rẹ̀ àtijọ́, kúnlẹ̀ kí i. "Kábíyèsí, ẹ pe ìlú yín, kó bá yín gbé e."